Ẹ̀tẹ̀ Mú Mi, Kò Mú Odó Mi

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọnú yàrá, tí wọ́n sọ orúkọ àìsàn náà fún, tí o jáde tí o kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, jókòó ná. Èmi náà ti wà níbi tí o wà yẹn. Mi ò kọ èyí láti bá ọ sunkún o. Inú ń bí mi ni. Ó ti pẹ́ tí inú ti ń bí mi, mo sì fẹ́ kí ó bí ìwọ náà díẹ̀, nítorí ìbínú ṣe mí lóore ju ìtìjú lọ.

Ràmátù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Fàtí ni gbogbo àdúgbò Ladjifarani ń pè mí. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí, ọkọ ló gbé mi wá sí Parakou. Bàbá Fàtí ń ta aṣọ lọ́jà ńlá, èmi ń gún iyán tà níwájú ilé. Tí o bá mọ Parakou, o mọ̀ pé a kì í dá iyán gún níbí. Obìnrin mẹ́ta la máa ń yí odó kan ká, ọmọ odó mẹ́ta, bí tèmi ṣe ń gòkè ni tìrẹ ń balẹ̀, ti ẹnì kẹta ń tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnì kejì. Etí la fi ń gún un. Ẹni tó wà nínú yàrá rẹ̀ lódìkejì títì yóò gbọ́ iye obìnrin tó wà nídìí odó láìyọjú. Tí ẹnì kan bá sinmi, àlàfo á wà nínú ìró náà, àdúgbò á sì mọ̀ pé ó ti rẹ ẹnì kan. Nídìí odó tèmi, èmi ni, Fàtí ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, àti Tántí Àdíjà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí a jọ ń gbé agboolé kan náà. Ìyá mi ló fi odó yẹn ránṣẹ́ láti Ṣábẹ̀ nígbà tí mo ń relé ọkọ. Igi líle ni, kò là rí. Fi odó yẹn sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ìjà mi dá lé.

Ọwọ́ mi ni àìsàn náà gbà wọlé, gbogbo wa sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Bí iṣu bá jinná, àwọn obìnrin yòókù a máa gbé omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan iṣu. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo kàn ń fi ọwọ́ lásán gbé iṣu látorí iná, ooru ń rú lára rẹ̀, n óò sì jù ú sínú odó. Àwọn oníbàárà á bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọwọ́ Ìyá Fàtí! Ọwọ́ irin ni!" Tántí Àdíjà á máa fi mí yangàn káàkiri: "Ìyàwó àbúrò mi, iná kì í jó o." Wọ́n a máa mú àlejò wá kó wá wò mí. Inú mi sì ń dùn, mo rò pé iṣẹ́ ti mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Nínú gbogbo àwa tí à ń rẹ́rìn-ín yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ọwọ́ ènìyàn kò fi mọ iná mọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin alágúnyán, ẹ̀yin aláàkàrà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi iná jẹun, tí wọ́n bá ń yìn yín pé iná kì í jó yín lọ́wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ dìde, ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Àpá kan tún wà ní apá mi, òmíràn wà lẹ́yìn mi. Ó pọ́n díẹ̀ ju ara mi yòókù lọ. Kò yún mi, kò dùn mí. Mo ní làpálàpá ni, mo ra ìpara lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé oògùn kiri, mo fi pa á títí tí ìpara fi tán. Àìsàn tí kò bá dunni, ta ló ń kà á sí? Èmi ò kà á sí.

Ọjọ́ tí ojú mi là, ìkòkò iṣu fẹ́ dànù lórí iná. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá etí rẹ̀ mú, mo gbé e sọ̀, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ pẹ̀lú oníbàárà mi kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Òun ló fò dìde. "Ìyá Fàtí! Ọwọ́ rẹ! Ọwọ́ rẹ ń jó!" Òórùn ẹran yíyan ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo ní ta ló ń yan ẹran nítòsí. Ọwọ́ mi ni. Awọ ti bó mọ́ ara ìkòkò. Mo wò ó, mo tún wò ó, kò dùn mí rárá. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Mo ti rọbí rí, eyín ti dùn mí rí, ìrora kankan ò já àyà mi bí ìgbà tí mo wá ìrora lára mi tí mi ò rí i.

Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n di ọwọ́ náà fún mi, wọ́n ní kí n máa rọra ṣe. Mo ní, "Dókítà, kò dùn mí." Ẹni tó ń dì í kò gbójú sókè. Ó ní kí n dúpẹ́. Mo padà síbẹ̀ léraléra, nítorí egbò náà kò jinná, lójoojúmọ́ ni mo ń jí dé bẹ́ǹṣì kí oòrùn tó yọ, tí n óò bá àwọn tó sùn síbẹ̀ níwájú mi. Wọ́n fún mi lóògùn ibà. Wọ́n fún mi lóògùn aràn. Wọ́n bi mí bóyá mo lóyún. Kò sẹ́ni tó ní kí n ká aṣọ mi sókè kí òun wo àpá tó wà lápá mi. Kí ni ojú wà fún?

Nígbà tó yá ni awakọ̀ akẹ́rù yẹn sọ fún mi pé ilé ìwòsàn mìíràn wà tí wọ́n ti mọ̀ nípa àìsàn awọ ara. Ìyẹn náà, bẹ́ǹṣì rẹ̀ kún, mo dúró lórí ìdúró láti àárọ̀ títí oòrùn fi mú. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun pè mí wọlé, ó ní kí n dijú. Ó mú òwú, ó ní, "Níbi tí mo bá fọwọ́ kàn, sọ fún mi." Mo dijú, mo ń dúró dè é kó bẹ̀rẹ̀. Mo dúró títí. Nígbà tí mo lajú, ó ti ṣe tán. Ó ti fi òwú yẹn kan apá mi, ẹ̀yìn mi, àti ìka mi. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, ó sì kígbe orúkọ àìsàn náà ní Faransé sí obìnrin tó ń kọ̀wé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tún pè é ní èdè Dẹ̀ǹdí tí gbogbo ọjà gbọ́, kí ó lè yé e dáadáa. Ẹ̀tẹ̀.

Nígbà tí mo jáde síta, bẹ́ǹṣì tí mi ò rí àyè jókòó sí láti àárọ̀ ti ṣófo. Gbogbo rẹ̀. Àwọn ènìyàn ti lọ fara ti ògiri, wọ́n gbé ọmọ wọn mọ́ àyà. Mo jókòó, ẹ jọ̀ọ́, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, torí ó ti rẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin aláṣọ funfun yẹn tún pè mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn lọ́tẹ̀ yìí, ó wá ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí mi létí pé àìsàn náà ní oògùn, pé ọ̀fẹ́ ni oògùn náà, pé tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, mi ò ní lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́, pé èmi àti ẹbí mi lè jọ máa jẹun. Ẹ bá mi dá sí i. Orúkọ àìsàn, ó pariwo ẹ̀. Ìròyìn ayọ̀, ó sọ ọ́ sí mi létí. Tí ẹ bá jẹ́ oníṣẹ́ ìlera tí ẹ ń ka èyí, ẹ yí i padà. Ẹ sọ ti àkọ́kọ́ wẹ́lẹ́, kí ẹ sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ fi ti ìkejì kígbe.

Ìròyìn ti dé Ladjifarani ṣáájú mi. Mi ò mọ ẹni tó gbé e, ó sáré ju alùpùpù zẹ́míjàn tó gbé mi délé lọ. Mo ṣàlàyé fún Bàbá Fàtí, mo fi páálí oògùn hàn án. Ó gbọ́ mi dópin, ó kàn ń wo ilẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n bu oúnjẹ tèmi sínú abọ́ tánganran kan, wọ́n sì ti so òwú pupa mọ́ etí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì lò ó. Tántí Àdíjà ló so ó. Ó so ó dáadáa, kókó méjì.

Wọ́n kó mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó àpò sí. Bàbá Fàtí kò kọ̀ mí, ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó bá sì wá kí mi ló ń rán mi létí. "O ṣoríire o, ọkùnrin mìíràn ì bá ti lé ọ." Wọ́n ní kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Ọpẹ́ kí ni? Èmi ló ń gún iyán tí Fàtí fi lọ ilé ìwé nígbà tí aṣọ kò tà. Kò lé mi, ó dáa. Kò jókòó tì mí náà.

Oògùn náà sọ ìtọ̀ mi di pupa, ó sì sọ ara mi dúdú. Wọ́n ti sọ fún mi pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Tántí Àdíjà rí àwọ̀ mi, ó káwọ́ lérí. "Ṣé ẹ ò rí i pé oògùn òyìnbó ń sun ún láti inú ni?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Àwọn kan ní ẹnì kan ló fi nǹkan sínú iyán mi. Àwọn mìíràn ní mo fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan láàárín ọjà. Ìyá mi pàápàá fi àgbo ránṣẹ́ láti Ṣábẹ̀. Wọ́n gbé omi tí wọ́n fi fọ wàláà Kùránì wá, mo mu ún, kò sí ohun tó ṣe mí. Wọ́n wá mú ọkùnrin kan wá láti ẹ̀yìn ìlú, ó ní kí n dáwọ́ páálí oògùn dúró kí tòun lè rí àyè ṣiṣẹ́. Ó mú abẹ, ó sín gbẹ́rẹ́ sí orí àpá náà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, èmi ń wò ó. Ó bi mí, "Ṣé ó dùn ọ́?" Mo ní rárá. Ó yíjú sí wọn, ó ní, "Ẹ ò rí i? Oògùn mi ti ń ṣiṣẹ́." Gbogbo wọn mí kanlẹ̀! Ọwọ́ tí kò mọ iná, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ara tí kò mọ abẹ, wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún un. Mo dìde, mo gbé páálí oògùn mi, mo gbé tòní mì níwájú gbogbo wọn, mo sì wọlé lọ.

Gbọ́ mi dáadáa, ìwọ tí mo ń kọ èyí sí. Wọn yóò fẹ́ràn rẹ títí wọn yóò fi gba oògùn lọ́wọ́ rẹ. Má gbé e sílẹ̀. Bú wọn tó bá gbà bẹ́ẹ̀, sunkún tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbé e mì.

Kí n wá sọ ti odó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ìró iyán níwájú ilé. Ọmọ odó méjì. Tántí Àdíjà àti Fàtí ni, wọ́n ti ra odó tuntun, wọ́n ń tẹ̀ síwájú pẹ̀lú àwọn oníbàárà mi. Mo ní ó dáa, odó tèmi wá dà? Mo yí lọ sẹ́yìn ilé. Odó tí ìyá mi fún mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, omi kún inú rẹ̀, ewúrẹ́ Tántí Àdíjà mẹ́ta ki ẹnu bọ̀ ọ́, wọ́n ń mu.

Wọ́n fi odó mi fún ewúrẹ́. Mo lè sọ fún ọ pé nígbà tí wọ́n so òwú mọ́ abọ́, mo gbà á. Nígbà tí wọ́n kó mi sáàárín àpò, mo gbà á. Èyí, mi ò gbà á. Mo pariwo tí àwọn aládùúgbò fi yọjú lórí ògiri. Tántí Àdíjà wá, ó dúró lókèèrè, ó ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ta ni yóò tún jẹun láti inú rẹ̀? Ṣé kí á jó o níná ni? Ó kúkú wúlò fún ẹran." Fàtí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ odó lọ́wọ́, kò wò mí. Tántí ti sọ fún un pé tí wọ́n bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò ní rí ọkọ fẹ́. Fàtí ń gbé ọbẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn mi láàárọ̀, á kan ilẹ̀kùn, á sì ti lọ kí n tó ṣí i. Mi ò bá a wí. Ṣùgbọ́n ó dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìyẹn ṣì lè dùn mí, torí ẹ̀tẹ̀ kì í mú ọkàn.

Nígbà tó yá, mo jókòó sí ẹ̀bá títì, mo ń dúró de zẹ́míjàn tí yóò gbé mi lọ gba oògùn. Mo wọ aṣọ tó mọ́, mo wé gèlè, báńdéèjì wà lọ́wọ́ mi. Méjì ti kọ̀ láti gbé mi. Obìnrin kan ń kọjá lọ, ó wò mí, ó ju owó sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run á ṣàánú fún ọ." Háà! Èmi Ràmátù! Mo ṣa owó náà, mo sáré tẹ̀ lé e, mo fi í lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Màdámù, owó yín bọ́ sílẹ̀." Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kòkòrò bà lé, owó tún bọ́ sílẹ̀. A jọ fi í síbẹ̀.

Ibi oògùn lọ́jọ́ yẹn ni mo ti pàdé Màmá Bọ̀nà. Bàrìbá ni, ó ń gbé ní àdúgbò Banikanni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì ń pariwo jù mí lọ. Ẹ̀tẹ̀ ti mú un rí, ó ti jẹ oògùn rẹ̀ tán tipẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò tètè rí i, àìsàn náà ti gé e lẹ́sẹ̀ kúrú, bàtà tí wọ́n fi táyà ṣe ló ń wọ̀. Òun àti àwọn kan ní Banikanni ti kó ara wọn jọ, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé wá irú wa. Mo ròyìn owó tí mo dá padà fún un, ó ní, "Ìwọ tí o ń jà yìí, níbo lò ń gbé? Mò ń bọ̀ wá kí ọ."

Ó wá lóòótọ́. Ó wọ agboolé wa, ó kí gbogbo wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó jókòó ti mí ní yàrá ẹ̀yìn láàárín àpò. Wọ́n gbé oúnjẹ mi wá, ó wo òwú pupa náà. "Kí lèyí? Ṣé abọ́ náà ń ṣe ìyàwó ni, tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò rántí ìgbà tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ó ki ọwọ́ bọ abọ́, ó bu òkèlè, ó gbé e mì. Ó tún bu. Ẹnu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà mí ni, ó ti fẹ́ jẹ ẹ́ tán. Ó ní, "Ìwọ náà jẹun, àbí o fẹ́ kí n dá a jẹ?" Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní kí n má da omi sí ọbẹ̀ òun.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Banikanni nìyẹn. Lábẹ́ àtíbàbà kan nílé Màmá Bọ̀nà la máa ń pàdé. Kì í ṣe àwa tí ẹ̀tẹ̀ mú nìkan. Ọkùnrin kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ láti kékeré, orí kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ ló ti ń lẹ táyà. Ọmọbìnrin kan wà tí wárápá ń ṣe, tí wọ́n lé kúrò níbi ìkọ́ṣẹ́. A ó gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wa sínú omi, a ó fi òrí pa á, ẹnì kan á wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹnì kejì bóyá ẹ̀gún wọ̀ ọ́, torí ẹni tó ni ẹsẹ̀ kò ní mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti fi ìgúnpá mi mọ omi gbígbóná, láti fi aṣọ nípọn gbé ìkòkò, láti wé aṣọ mọ́ igi ọmọ odó kí ó má baà bó mi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹnì kan ní adẹ́tẹ̀ tàbí arọ níbẹ̀. Orúkọ la fi ń pe ara wa, àti èébú nígbà tí a bá ń ṣeré.

Àwọn kan wá lọ́jọ́ kan láti ibòmíràn, wọ́n gbé ìrẹsì wá. Wọ́n tò wá sí ìlà níwájú ọkọ̀ wọn, wọ́n ní kí á gbé àpò ìrẹsì náà sókè, kí ẹni tí ìka rẹ̀ ti ká gbé ọwọ́ náà síwájú dáadáa kí àwòrán lè mú un. Màmá Bọ̀nà bi wọ́n, "Tí ẹ bá gbé ìrẹsì lọ fún ìyá yín, ṣé ẹ máa ń ní kó fi eyín rẹ̀ tó kán hàn?" Wọ́n ní kò yé àwọn. Ó ní kí wọ́n gbé ìrẹsì wọn lọ. Àwọn kan nínú wa bínú sí i, ebi ń pa wọ́n, mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ló wá bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan: kí lò ń ṣe kí àìsàn tó dé? Tó kàn mí, mo ní, "Iyán. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi odó mi fún ewúrẹ́." Màmá Bọ̀nà dìde dúró lórí ẹsẹ̀ kúkúrú rẹ̀ yẹn. "Wọ́n fi kí ni fún kí ni?"

Wọ́n bá mi lọ sí Ladjifarani pẹ̀lú ọmọlanke, gbogbo wọn, alákẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ ló ṣáájú. Mo bẹ̀ wọ́n pé tí a bá gba odó náà, kí á gbé e lọ sí Banikanni, níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Màmá Bọ̀nà ní rárá. "Iwájú ilé yín ni wọ́n ti kọ̀ ọ́, iwájú ilé yín ni wọn yóò ti jẹ iyán rẹ." A wọ ẹ̀yìn ilé, a da omi nù, a dojú odó bolẹ̀ kó gbẹ. Tántí Àdíjà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé olè, pé kí Bàbá Fàtí wá wò wá. Bàbá Fàtí wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Bàbá Fàtí, odó ta ni?" Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Odó Ràmátù ni." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Tántí wá ń ké tẹ̀ lé wa dé títì: "Níbo ni ewúrẹ́ mi yóò ti máa mu omi báyìí?"

Abẹ́ igi dóńgóyárò tó kọjú sí ilé wa la gbé e sí. A fi yanrìn àti eérú fọ̀ ọ́, a da omi gbígbóná sí i léraléra. Màmá Bọ̀nà ní kí n gbé ọmọ odó mẹ́ta wá. Mo ní ta ni ẹnì kẹta? Àwọn yòókù, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn kò gbà á. Ó ní, "Mo ní mẹ́ta." A gbé ìkẹta ti igi, a sì bẹ̀rẹ̀, èmi àti òun.

Wọ́n wá wòran. Ladjifarani fẹ́ràn ìran. Wọ́n dúró lódìkejì títì, wọ́n ń wò wá, kò sẹ́ni tó rà. Ẹni tó ṣàánú jù lọ nínú wọn wá ju owó sílẹ̀, ó sì yí padà. Màmá Bọ̀nà pè é: "Alhájì, ẹ gbàgbé iyán yín!" Ọkùnrin náà ń sáré lọ. Ó pariwo tẹ̀ lé e pé, "A ò ṣagbe o! Iyán là ń tà!" A jẹ iyán náà fúnra wa lọ́jọ́ yẹn, àti lọ́jọ́ kejì. Àwọn ará Banikanni sọ pé àwọn ò jẹ iyán tó báyìí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Mo ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n inú mi ti ń kú lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé tó bá ṣe díẹ̀ sí i báyìí, n óò dá odó padà fún ewúrẹ́.

Ohun tó burú jù ni ìró náà. Ọmọ odó méjì ló ń balẹ̀, àlàfo wà níbi tí ìkẹta yẹ kó ti bọ́ sí. Gbùm, gbùm, lẹ́yìn náà òfo. Gbogbo àdúgbò ń gbọ́ òfo yẹn. Mo mọ̀ pé tí òun àti Tántí bá ti gún tiwọn tán, Fàtí náà ń gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nínú ilé, torí nínú àlàfo yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ wà láti ìgbà tí ó ti lè gbé ọmọ odó.

Mo ti sọ fún yín pé a kì í gbójú sókè tí a bá ń gún iyán. Nítorí náà mi ò rí i nígbà tó dé. Mo kàn gbọ́ ni. Gbùm, gbùm, gbùm. Mo rò pé etí mi ń tàn mí. Ó tún balẹ̀, ó bọ́ sí àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́, kò yára, kò pẹ́. Mo wo inú odó, mo rí ìka tó di ọmọ odó kẹta mú, okùn tín-ínrín tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn ọwọ́. A ń gún un lọ. Láti ẹnu ọ̀nà ni Tántí Àdíjà ti ń ké, "Fàtí! Fàtí! Ṣé o fẹ́ kú sílé bàbá rẹ láìlọ́kọ ni?" Fàtí kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Tántí, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ìró iyán." Nígbà tí iyán náà kúnná, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lójú gbogbo ayé, ó bu òkèlè láti ọwọ́ mi, ó jẹ ẹ́, ó sì ní iyọ̀ ọbẹ̀ náà kò tó.

Awakọ̀ akẹ́rù mi ló kọ́kọ́ rà. Lẹ́yìn rẹ̀ àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọmọ wá, pẹ̀lú abọ́ tí wọ́n fi aṣọ bò kí aládùúgbò má baà mọ̀. Ìyẹn náà bí mi nínú, ṣùgbọ́n mo bu iyán fún wọn. Nísinsìnyí wọn kì í bo abọ́ mọ́. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò ní jẹ ẹ́ láéláé, wọ́n ń kọjá lọ́nà ọ̀hún. Kí wọ́n máa kọjá. Ọmọbìnrin tí wárápá ń ṣe yẹn ló ń bu ọbẹ̀ fún wa, tí ó bá ṣubú, a ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó dúró tì í títí yóò fi jí, àwọn oníbàárà á sì dúró de ọbẹ̀ wọn.

Mo ti jẹ oògùn mi tán. Wọ́n ti fi òwú kàn mí padà, wọ́n ní àìsàn náà ti lọ. Ìka méjì lọ́wọ́ òsì mi ti ká, wọn kò ní nà mọ́. Ọwọ́ ọ̀hún kò sì tíì mọ iná títí di òní, bóyá kò ní mọ̀ ọ́n mọ́, nítorí náà mo ń ṣọ́ ọ bí ọmọ tuntun. Ká ní ẹnì kan bi mí léèrè nígbà tí wọ́n ń yìn mí ni, ìka mi ì bá wà ní nínà. Ìwọ, àkókò ṣì wà fún ọ. Bẹ̀rẹ̀ oògùn lónìí.

Mo ti kúrò láàárín àpò. Inú abọ́ ńlá tí ilé ń lò ni mo ti ń jẹun pẹ̀lú Fàtí àti bàbá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tántí Àdíjà jí, ó rí nǹkan lẹ́yìn ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. "Ràmátù! Ta ló gbé abọ́ olówùú pupa yìí síwájú ewúrẹ́ mi?"

Mo jáde sí i. Mo ní, "Èmi ni, Tántí. Ẹ ní wọn ò rí ibi mu omi."